Ìbora Ìdáàbòbò fún Ẹ̀lẹ́tíróòdù Sílíkónì nínú Ìpèsè Ohun Àmúdáná láti Ara Oòrùn: Ohun tí Òru Ń Ṣe tí Ọ̀sán Kò Fi Hàn

1. Ìfáárà

Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá ọ̀nà tí a fi lè kó agbára oòrùn pamọ́ bí ẹni kó igi ìdáná jọ sí ẹ̀yìnkùlé de ìgbà òjò. Iná tí páànẹ́lì oòrùn ń pèsè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá lò ó lójú ẹsẹ̀, tí kò sì sí bátìrì tí yóò gbà á sílẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán oòrùn bá lè pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn, a lè rọ háídírójìn náà sínú àgbá, kí a sì lò ó lóru, lọ́la, tàbí ní oṣù mẹ́ta sí i. Ohun àmúdáná àtoòrùnwá ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí yóò máa lò fún un. Ohun èlò tí ń ṣe iṣẹ́ ìpínyà náà ni ẹ̀lẹ́tíróòdù agbàmọ́lẹ̀, èyíinì ni awẹ́ ohun líle kan tí a tì bọ omi, tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, tí ó sì ń fi agbára ìmọ́lẹ̀ náà tú omi palẹ̀ ní ojú ara rẹ̀.

Ní 1972, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, àwọn onímọ̀ méjì láti ilẹ̀ Jàpáànù, fi hàn nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Ọ́sáídì títáníọ́mù ni wọ́n lò. Ohun funfun tí a ń pò mọ́ ọ̀dà ilé ni ọ́sáídì yìí, omi kì í sì í bà á jẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kìkì ìtànṣán tí ó kọjá àwọ̀ àlùkò, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí, ni ó lè gbà. Ìtànṣán bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ. Ìyókù ń kọjá lára rẹ̀ lásán.

Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni sílíkónì. Sílíkónì ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn dáadáa, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀. Láti bí ọdún 2011 ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń jáde lórí ìbora tí a lè fi dáàbò bo sílíkónì nínú omi, oríṣiríṣi iye wákàtí ni àwọn olùwádìí sì ń kà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìbora wọn lágbára. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni láti ṣàlàyé bí àwọn ìbora náà ṣe ń ṣiṣẹ́, àti láti fi hàn pé iye wákàtí tí a kà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kì í kú kò tó láti fi mọ bí ẹ̀lẹ́tíróòdù yóò ṣe pẹ́ tó lábẹ́ oòrùn tí ń là tí ó sì ń wọ̀.

2. Sílíkónì àti omi

Lẹ́yìn ọ́síjìn, kò sí èròjà mìíràn tí ó pọ̀ tó sílíkónì nínú èèpo ilẹ̀ ayé. Òun ni ó wà nínú yanrìn, nínú òkúta akọ àti nínú dígí. Ní 1954 ni Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà fi sílíkónì ṣe páànẹ́lì oòrùn àkọ́kọ́ tí ó wúlò. Nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn ni ó ń sọ di iná. Lónìí, sílíkónì ni a fi ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú páànẹ́lì oòrùn gbogbo ayé. Ìdí nìyí tí ojú fi wà lára rẹ̀: a ti mọ bí a ti ń yọ́ ọ, bí a ti ń gé e àti bí a ti ń tà á ní ọ̀pọ̀.

Sílíkónì kì í ṣe agbéná pátápátá bí bàbà, kì í sì í ṣe adíná bí dígí. Agbéná alábọ́ọ́dé ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ẹlẹ́tíróònù kan yóò tú kúrò ní ipò rẹ̀, yóò sì fi àyè òfìfo sílẹ̀. Àlàfo ni iṣẹ́ yìí yóò máa pe àyè òfìfo náà, nítorí ó ń ṣí kiri nínú sílíkónì gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́tíróònù ti ń ṣí kiri. Nínú ẹ̀lẹ́tíróòdù tí à ń pè ní ánóòdù, àlàfo ni ó ń wá sí ojú ibi tí sílíkónì ti pàdé omi, yóò já ẹlẹ́tíróònù gbà lọ́wọ́ omi, ọ́síjìn yóò sì hó jáde. Nínú kátóòdù, ẹlẹ́tíróònù ni ó ń wá sójú, háídírójìn ni ó sì ń hó jáde.

Ìyọnu ti ánóòdù ni pé àlàfo kò mọ ẹni tí a rán an sí. Ebi ẹlẹ́tíróònù ń pa á, ohun tí ó bá sì rọrùn jù láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Sílíkónì fúnra rẹ̀ rọrùn ju omi lọ. Nítorí náà, kí omi tó pín, ojú sílíkónì ti ń di ọ́sáídì sílíkónì, ohun kan náà tí ó wà nínú yanrìn. Adíná paraku ni ọ́sáídì yìí. Bí ó bá ti nípọn tó ìwọ̀n nánómítà mélòó kan, iná kò lè gbà á kọjá mọ́, ẹ̀lẹ́tíróòdù sì ti kú. (Bí a bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà.)

Bí omi náà bá jẹ́ álíkálì, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Àwọn tí ń fi omi eérú se ọṣẹ dúdú mọ bí álíkálì ti ń jẹ nǹkan. Álíkálì potásíọ́mù tí a ń lò nínú yàrá ìwádìí mú ju omi eérú lọ fíìfíì. Ó ń yọ́ ọ́sáídì sílíkónì, ó sì ń yọ́ sílíkónì pẹ̀lú. Kódà, òun ni àwọn ilé iṣẹ́ fi ń gbẹ́ ojú sílíkónì láti fún un ní ìrísí tí wọ́n bá fẹ́. Ẹni tí ó bá ti sílíkónì tí kò wọṣọ bọ inú álíkálì kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó sọ iyọ̀ sínú ọbẹ̀.

Kí ni ó dé tí a kò fi álíkálì sílẹ̀ kí a lo ásíìdì? Ọ́sáídì sílíkónì kì í yọ́ nínú ásíìdì lásán. Ṣùgbọ́n ìpínyà omi nílò ohun mìíràn tí yóò mú iṣẹ́ náà yá ní ojú ẹ̀lẹ́tíróòdù, èyí tí a lè pè ní amúṣẹ́yá. Níkẹ̀lì tí kò wọ́n jẹ́ amúṣẹ́yá tí ó dára nínú álíkálì, ó sì ń yọ́ dànù nínú ásíìdì. Amúṣẹ́yá tí ń pèsè ọ́síjìn tí ó sì lè fara da ásíìdì pẹ́ ni írídíọ́mù, írídíọ́mù sì wà lára irin tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ láyé. Ẹni tí ó bá ń wá ohun àmúdáná tí tálákà lè rà kò lè gbé ìrètí lé e.

Ó yẹ kí a mẹ́nu kan ohun kan kí a tó tẹ̀ síwájú. Fólítì 1.23 ni ó kéré jù tí a fi lè pín omi, ní ti gidi a sì máa ń nílò ju 1.6 lọ. Sílíkónì kan ṣoṣo kì í fúnni ju fólítì 0.5 sí 0.7 lọ. Nítorí náà sílíkónì kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Àfi kí a to ìpele rẹ̀ léra, tàbí kí a fún un ní ẹnìkejì. Ní 2011, ẹgbẹ́ Daniel Nocera ní MIT to ìpele mẹ́ta sílíkónì aláìlétò léra, wọ́n sì pe ohun tí wọ́n ṣe ní ewé àtọwọ́dá. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn ni ó sọ di ohun àmúdáná nígbà tí kò sí wáyà lára rẹ̀, ó sì jẹ́ 4.7 nígbà tí wáyà wà. Ọ̀rọ̀ ìtòléra náà gbòòrò, kò sì sí nínú ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

3. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìbora

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìbora ta kora. A fẹ́ kí ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí ó jẹ́ kí àlàfo jáde, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ kí omi wọlé rárá. Bí ó bá nípọn, ó ń dí omi, ó sì ń dí iná pẹ̀lú. Bí ó bá fẹ́lẹ́, iná ń kọjá, ṣùgbọ́n ihò kékeré kan péré tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ti lo abọ́ irin tí a fi nǹkan dídán funfun bò lójú mọ ohun tí à ń wí. Kì í ṣe gbogbo ojú abọ́ ni ó ń dípẹtà. Ibi tí ó bá ti ha ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa jẹ irin lọ lábẹ́ funfun tí ojú ń rí pé ó ṣì dára.

Iṣẹ́ tí ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ jáde ní 2011 láti Yunifásítì Stanford, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Christopher Chidsey àti Paul McIntyre. Ọ́sáídì títáníọ́mù tí ó nípọn tó nánómítà méjì péré ni wọ́n fi bo sílíkónì, wọ́n sì tẹ́ írídíọ́mù nánómítà mẹ́ta lé e lórí. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí ìbora bá fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, iná kò nílò láti gun orí rẹ̀ kọjá. Ó lè gba inú rẹ̀ yọ sí òdìkejì, gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn ohun tíntìntín ti gbà á láyè. Ẹ̀lẹ́tíróòdù náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ásíìdì àti nínú álíkálì, nígbà tí èyí tí kò ní ìbora tètè kú.

Ohun tí ó mú kí nánómítà méjì ṣeé tẹ́ lọ́gbọọgba ni ọ̀nà títẹ́ ìpele átọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó fẹ́ èéfín èròjà kan sí ojú sílíkónì; yóò lẹ̀ mọ́ gbogbo ibi tí àyè bá wà, kò sì ní lè lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó gbá èyí tí ó ṣẹ́kù dànù, a ó fẹ́ èéfín omi sí i, ìpele kan yóò sì parí. A ó tún bẹ̀rẹ̀. Tuomo Suntola ní ilẹ̀ Fínláǹdì ni ó gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1974 fún iṣẹ́ mìíràn tí kò kan omi rárá, ó sì gba Ẹ̀bùn Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Millennium lórí rẹ̀ ní 2018. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Soviet pẹ̀lú ti ṣe irú rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969.

Ní 2013, ẹgbẹ́ Hongjie Dai, ní Stanford kan náà, fi níkẹ̀lì nánómítà méjì ṣe ìbora àti amúṣẹ́yá pa pọ̀. Nínú omi bóráètì tí kò mú tó álíkálì gidi, ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 80. Irin olówó pọ́ọ́kú kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ méjì, ìdí sì nìyí tí ìròyìn náà fi gba àfiyèsí púpọ̀.

Ìyàlẹ́nu gidi dé ní 2014. Títí di ìgbà náà, ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé ọ́sáídì títáníọ́mù tí ó bá nípọn yóò dí àlàfo pa, nítorí pé ipò agbára tí àlàfo lè gbà kọjá nínú ọ́sáídì náà jìnnà púpọ̀ sí ipò tí ó wà nínú sílíkónì. Bí ẹni ń fẹ́ gun ògiri tí kò ní àkàbà ni. Ẹgbẹ́ Nathan Lewis ní Caltech tẹ́ ọ́sáídì náà láìyan án nínú iná, kí átọ́ọ̀mù rẹ̀ má baà tò létòlétò. Wọ́n mú un nípọn láti nánómítà 4 títí dé 143, wọ́n sì fi níkẹ̀lì dá èékán-èékán lé e lórí. Iná kọjá! Ìṣàn rẹ̀ ju mílíámípíà 30 lọ lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, nígbà tí gbogbo èyí tí sílíkónì lè fúnni lábẹ́ oòrùn kò ju nǹkan bí 44 lọ. Ó ṣiṣẹ́ ju wákàtí 100 lọ nínú álíkálì.

Àlàyé tí ó mọ́gbọ́n dání jù ni pé àìlétò ọ́sáídì náà ni ó gbà á là. Àwọn àbùkù inú rẹ̀ dà bí òkúta tí a jù sínú odò láti fi sọdá. Iná ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Bí a ṣe ń fi òkúta wọ̀nyí kọjá gan-an ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni èrè rẹ̀: ìbora nípọn, ihò inú rẹ̀ sì dínkù. Ó tún ní èrè kejì. Sílíkónì lásán ń dán bí dígí ojú, ó ń dá ju ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Ọ́sáídì tí ìnípọn rẹ̀ bá ṣe wẹ́kú ń dín ìdápadà náà kù, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sì ń wọlé.

Fún kátóòdù, ọ̀rọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́tíróònù ni ó ń jáde níbẹ̀, ipò agbára rẹ̀ sì bá ti ọ́sáídì títáníọ́mù mu láìsí wàhálà. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, tí Ib Chorkendorff jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, fi nánómítà 100 bo kátóòdù sílíkónì, ó sì lo wákàtí 72 láìyí padà lọ títí. Ánóòdù ni ibi tí ìjà wà.

Ní 2015, iye wákàtí ga sókè. Láti Caltech kan náà ni a ti gbọ́ pé ìbora ọ́sáídì níkẹ̀lì lo wákàtí 1,200, tí ìbora ọ́sáídì títáníọ́mù lórí sílíkónì tí a gbẹ́ bí igbó okùn wẹ́wẹ́ sì lo ju 2,200 lọ nínú álíkálì. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìṣòro sílíkónì ti yanjú.

4. Òru

Wákàtí 2,200 kò pé ọjọ́ méjìléláàádọ́rùn-ún. Ọdún mẹ́wàá jẹ́ wákàtí 87,600. Bí a bá tilẹ̀ yọ òru àti kùrukùru kúrò, ìyàtọ̀ náà ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyàtọ̀ yìí ni ohun tí ó wúwo jù. A lè rò pé bí a bá ní sùúrù, wákàtí yóò máa pọ̀ sí i. Ohun tí ó wúwo jù ni pé abẹ́ ìmọ́lẹ̀ àtọwọ́dá tí kì í kú ni a ti sábà máa ń ka wákàtí bẹ́ẹ̀, àìkú ìmọ́lẹ̀ náà gan-an sì ni ó ń tọ́jú ẹ̀lẹ́tíróòdù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ihò abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo nínú ìbora. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà tí iná sì ń ṣàn, àlàfo ń wá sí ìdí ihò náà bí ó ti ń wá sí ibòmíràn. Sílíkónì tí ó wà níbẹ̀ yóò di ọ́sáídì. Álíkálì ń yọ́ ọ́sáídì yìí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ti ń yọ́ ni òmíràn ń hù, ihò náà a sì wà bí ojú ọgbẹ́ tí ó ní èépá. Àwọn tí ń gbẹ́ sílíkónì nílé iṣẹ́ mọ òfin yìí tipẹ́: bí a bá fẹ́ kí álíkálì dáwọ́ jíjẹ sílíkónì dúró ní ibì kan, iná ni a ó fi sí i níbẹ̀.

Bí oòrùn bá wọ̀, àlàfo kò wá mọ́. Èépá kò hù mọ́. Álíkálì yóò yọ́ ìwọ̀nba èyí tí ó kù, yóò sì kan sílíkónì tí ó wà níhòòhò. Láti ìgbà náà lọ, jíjẹ ni. Kò jẹ ìbora, nítorí ọ́sáídì títáníọ́mù kò kọ álíkálì. Abẹ́ rẹ̀ ni ó gbà. Nínú sílíkónì tí ojú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, kòtò tí ó ń gbẹ́ máa ń ní igun mẹ́rin, tí orí rẹ̀ fẹ̀ tí ìdí rẹ̀ sì ṣe ṣónṣó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ padà dé, iná tún ṣàn, ẹni tí ó ń wo ìṣàn iná kò sì ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Kòtò náà kéré. Ṣùgbọ́n òru kejì ń bọ̀, àti ẹ̀kẹta. Nígbà tí ìbora bá di òrùlé tí kò ní ilé lábẹ́, á wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún iye wákàtí. Ẹ̀lẹ́tíróòdù méjì lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 1,000 lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kì í kú, kí ọ̀kan ní ihò púpọ̀, kí èkejì má ní, kí àkọsílẹ̀ wọn sì rí bákan náà. Iye wákàtí ń sọ fún wa pé ìbora àti amúṣẹ́yá fara da iṣẹ́ ọ̀sán. Kò sọ nǹkan kan nípa òru, bẹ́ẹ̀ òru ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlàjì ọdún níbi gbogbo láyé.

Àwọn àtúnṣe tí a lè ronú kàn kò ṣàìní owó tiwọn. A lè fi iná díẹ̀ sí ẹ̀lẹ́tíróòdù lóru kí èépá má baà kú, ṣùgbọ́n ibo ni iná náà yóò ti wá bí kò ṣe láti inú ohun tí a pèsè lọ́sàn-án? A lè fa álíkálì jáde ní ìrọ̀lẹ́ kí a sì dá a padà ní òwúrọ̀. Ìyẹn ń fẹ́ ẹ̀rọ ìfàmi àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. A lè lo omi tí kò mú, bí ti bóráètì, ṣùgbọ́n ní irú omi bẹ́ẹ̀ ẹ̀bá ánóòdù máa ń di ásíìdì, ẹ̀bá kátóòdù a sì di álíkálì bí a kò bá máa rú u, fólítì a sì máa ṣòfò. A tún lè yan sílíkónì tí a gé ojú rẹ̀ sí ìhà tí átọ́ọ̀mù ti fún pọ̀ jù. Álíkálì ń jẹ ojú bẹ́ẹ̀ lọ́ra ju ti èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ fíìfíì. Nínú gbogbo wọn, èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù, nítorí pé kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí yóò lo ẹ̀rọ náà. Síbẹ̀, ó ń fa ìparun falẹ̀ ni, kò dá a dúró.

Ìdánwò tí ó yẹ ni kí a máa tan ìmọ́lẹ̀ kí a sì máa pa á, ọ̀sán lẹ́yìn òru, kí a sì máa wọn sílíkónì tí ó ti yọ́ sínú omi náà ní ìgbà dé ìgbà. Ìṣàn iná lè parọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Sílíkónì tí ó bá ti wà nínú omi kò lè sẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀lẹ́tíróòdù yàrá ìwádìí ni kò tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ etí rẹ̀ yíká. Mítà kan níbùú lóròó jẹ́ ìlọ́po 10,000 irú rẹ̀. Olùwádìí lè ṣa ẹ̀lẹ́tíróòdù kékeré tí kò ní ihò kan nínú mẹ́wàá tí ó ṣe, kí ó sì fi sí abẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe mítà kan kò ní àǹfààní ṣíṣà bẹ́ẹ̀. Eruku tí ó bà sójú sílíkónì kí a tó tẹ́ ìbora lé e wà lára ohun tí ń fa ihò wọ̀nyí jù, mímú eruku kúrò nínú yàrá tí ó fẹ̀ sì wọ́n.